Pèrègún Tí Mo Gbìn Sórí Ìwé

Àwọn tíṣà ilé ìwé wa nílùú Ọ̀kà ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ parí ìwé mẹ́fà, kí ẹ lè mọ̀ pé iṣẹ́ mìíràn wà láyé yàtọ̀ sí iṣẹ́ akọ̀wé tí gbogbo yín ń lé kiri. Mo kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ń ya ohun tí ẹ̀yin náà ń rí lójoojúmọ́: abà, àká àgbàdo, afárá onígi kan, ọ̀nà oko tó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá. N kò ya ọba rí, n kò sì ya ogun rí. Ẹni tó bá ń wá ìtàn akin, kó yáa tètè lọ bá àwọn ọdẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀ mí títí ojú fi ń tì mí, ni mo bá jókòó.

Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Áfáà ni bàbá mi, ilé kéwú rẹ̀ sì wà lójúde ilé wa. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ gègé láti ara pòròpórò, tí a ó tì í bọ tàdáwà, tí a ó fi kọ̀wé sórí wàláà, pátákó ìkọ̀wé wa. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ń se tàdáwà náà láti ara èèpo igi. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kò dúdú tán. Bí ọwọ́ ọmọ bá gbọ̀n, tí ìlà rẹ̀ wọ́, bàbá mi á ní kó fọ wàláà náà, kó tún bẹ̀rẹ̀. Mo fọ wàláà títí ọwọ́ mi kò fi gbọ̀n mọ́.

Tàdáwà yìí ló mú Fadá wá sílé wa. Àlùfáà ìjọ Àgùdà ni, ará Họ́láńdì, ó ń gbé ní Ọ̀kà. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba àwọn òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa. Tàdáwà tó kó wá nínú ọkọ̀ ojú omi ti gbẹ mọ́ inú ìgò, wọ́n sì ti sọ fún un pé áfáà kan wà ní Ìkàrẹ́ tó mọ̀ ọ́n sè. Ó bá mi lórí wàláà, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ọwọ́ mi. Nígbà tí yóò lọ, ó ní kí bàbá mi fún òun ní ọmọ yìí kí òun kọ́ ọ níṣẹ́ àwòrán yíyà.

Ẹ̀yin ẹ wo ọ̀rọ̀ náà ná. Ọmọ áfáà, lọ́dọ̀ Fadá! Àwọn ará ilé wa bínú. Ọjọ́ mélòó kan ni bàbá mi fi ronú sí i kó tó pè mí. Ó ní, "Músá, màá jẹ́ kí o lọ. Òkúta ni kí o yà. Igi ni kí o yà. Ulé, ulẹ̀, odò, gbogbo rẹ̀ dára. Ohun tó bá ní ẹ̀mí, má sún mọ́ ọn." Mo búra fún un. Nígbà tó yá, ó gbà pé bí èèyàn bá jìnnà nínú àwòrán, tí kò lójú tí kò nímú, kò burú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo àwọn èèyàn inú àwòrán mi ló kọ̀yìn sí wa, tí wọn kò sì ga ju èékánná lọ.

Fadá le. N kò fẹ́ tàn yín jẹ. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ lò lọ́dọ̀ rẹ̀, abà kan ṣoṣo ni mo yà. Òwúrọ̀, mo jókòó síwájú abà. Ọ̀sán, mo jókòó síwájú abà. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ á máa bi mí bóyá mo jẹ abà náà ní nǹkan ni. Bí mo bá mú ìwé lọ fún Fadá, á fi ìka sí ibì kan, á fi Yorùbá Èkó tó kọ́ bi mí pé, "Òpó yìí, o rí i, àbí o rò ó?" Bí mo bá dáké pẹ́nrẹ́n, ó ti ya ìwé náà sí méjì nìyẹn. Nígbà kan mo fa koríko mẹ́fà síbi tí márùn-ún wà. Ó mú mi padà dé ìdí abà, ó sì kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan lójú mi. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì ń bú u nínú mi.

Ó ní àpò awọ kan tó ń kó àwòrán sí, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti ara iṣẹ́ àwọn àgbà ìlú rẹ̀. Ó ní ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí wọ́n ti yà wọ́n. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣí i fún mi, mo rò pé màá rí ààfin. Abà ni mo rí! Abà tí òrùlé rẹ̀ ti tẹ̀, kànga, ọgbà tí igi rẹ̀ ti ń wó, ọkùnrin kan tó ru ẹrù tó kọ̀yìn sí wa. Ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Fadá, èyí náà wà lọ́dọ̀ wa."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwọn àgbà yẹn tó dé, òkè ńláńlá tí ayàwòrán kò dé ibẹ̀ rí ni wọ́n máa ń yà, pẹ̀lú àwọn ẹni mímọ́ níwájú. Ìgbà tó yá ni àwọn kan jáde sẹ́yìn ìlú, tí wọ́n jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n sì ya ohun tí ojú wọn rí. A kò tilẹ̀ mọ orúkọ àwọn mìíràn nínú wọn. Ó ní nítorí ẹ̀ ni òun ṣe lè mọ bí ọ̀nà kan ṣe rí nílùú òun, kí baba ńlá òun tó dáyé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn. Mo fẹ́ kí ọmọ ẹnìkan mọ bí ọ̀nà Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ ṣe rí lójú mi.

Lójú ọ̀nà yẹn ni oko Bàbá Sálíù wà. Àgbẹ̀ ni, ará Ọ̀kà, ọkùnrin gbọọrọ tí kì í pariwo. Àpáta ńlá kan wà láàárín oko rẹ̀, odò kékeré kan sì wà lẹ́yìn àpáta náà. Ibi tó wà láàárín àpáta àti odò ló dára jù nínú oko, ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé pèrègún ni wọ́n fi ń pààlà oko lọ́dọ̀ wa. Etí odò ni pèrègún ti Bàbá Sálíù wà, mẹ́ta ni wọ́n. Ìdílé mìíràn ló ni òdìkejì odò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Bàbá Sálíù á máa pè mí, "Músá, bọ̀ wá jẹ uṣu." Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àbíbátù, á bu omi fún mi. Mo jókòó lójú ọ̀nà, mo ya àpáta náà, mo ya abà, mo ya Bàbá fúnra rẹ̀ lókèèrè níbi tó ti ń kọ ebè. Láti ibi tí mo jókòó sí, àpáta bo pèrègún etí odò mọ́lẹ̀, wọn kò hàn rárá. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n apá òsì ìwé náà ṣófo, ó sì ń dùn mí lójú.

Mo wo àwọn àwòrán inú àpò awọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní nǹkan kan tó dúró nítòsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, igi tàbí èèyàn, tó ń mú ojú wọlé. Èmi kò lè fi èèyàn síbẹ̀, nítorí èèyàn tó bá wà nítòsí gbọ́dọ̀ ní ojú, mo sì ti búra fún bàbá mi. Igi ńlá á bo àpáta mọ́lẹ̀. Ni mo bá fi pèrègún kan síbẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ àpáta, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dára. Ṣé mo mọ ohun tí pèrègún jẹ́? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé ìwé ni, kì í ṣe ilẹ̀. Fadá ti dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà náà. Ó wo àwòrán náà lórí ibùsùn, ó ní ó dára, ó ní kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Òun kò dé oko yẹn rí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí Èkó fún ìtọ́jú.

Ó tó bí ọdún kan lẹ́yìn náà kí ìjà tó dé. Ẹnìkan ti hú pèrègún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta létí odò. Ìdílé òdìkejì odò ní kò sí pèrègún kankan níbẹ̀ rí, wọ́n ní ẹsẹ̀ àpáta ló wà kí Bàbá Sálíù tó hú u, ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ àwọn dé. Bàbá Sálíù ní irọ́ ni. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba, ni ẹjọ́ bá dé iwájú ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa. Ajẹ́lẹ̀ yìí máa ń yà sílé Fadá. Ó ti rí àwòrán mi ní pálọ̀, ó tilẹ̀ ti ṣèlérí pé òun máa mú mi sí ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ó rántí. Ó ní kí wọ́n lọ gbé e wá, kí wọ́n sì mú èmi náà wá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tẹ́tí sí ibí yìí. Gbogbo ìlú jókòó sábẹ́ ọ̀dàn. Ajẹ́lẹ̀ gbé àwòrán náà sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Ó ní wọ́n yà á kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó san nǹkan fún ayàwòrán láti ṣègbè. Ògbufọ̀ rẹ̀ bi mí, "Ìwọ lo yà á?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Ṣé ohun tí o fi ojú rẹ rí lo yà?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní rárá, Fadá á gbọ́, á lé mi. Mo mọ̀ pé ajẹ́lẹ̀ kò ní mú mi sí ọ́fíìsì kankan mọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá Sálíù kò pariwo, kò sì bú mi. Ó sún mọ́ àwòrán náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó yí sí mi, ó bi mí wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Músá, ẹsẹ̀ àpáta ni o ti rí i? Òótọ́ ni?" Ilẹ̀ ni mo ń wò. Wọ́n gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, láti ẹsẹ̀ àpáta títí dé odò.

Ara Fadá yá, ó padà dé. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì bi mí ní ìbéèrè rẹ̀ tó máa ń bi mí. Mo wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì gan-an ló mú mi lọ bá ajẹ́lẹ̀, mo sì tún jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní ká jọ lọ wo oko náà. Nígbà tí a débẹ̀, pèrègún kan dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ àpáta, níbi tí mo fi í sí lórí ìwé gẹ́lẹ́. Àwọn tó gba ilẹ̀ ti gé ẹ̀ka rẹ̀ wá, wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀, ó sì ti yọ ewé. Ẹ̀yin náà mọ bí pèrègún ṣe máa ń tètè hù.

Ajẹ́lẹ̀ ní, "Òun nìyí." Mo ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dájú pé àwọn ẹbí bàbá arúgbó yẹn ló bẹ̀ mí kí n yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹjọ́ ti parí.

Èmi àti Fadá padà sílé. Nígbà tí a délé, ó fún mi ní ìwé tuntun, ó ní kí n padà lọ ya oko náà. Ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀ báyìí. Yà á." Mo padà lọ. Mo jókòó lójú ọ̀nà títí oòrùn fi yí, n kò lè fa ìlà kan. Mo dá ìwé funfun padà fún un, ó gbà á, ó ní kò sí iṣẹ́ tó kù fún mi lọ́dọ̀ òun mọ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́ púpọ̀, mo rí i lójú rẹ̀.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ mú mi, ajẹ́lẹ̀ kò yẹ àdéhùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bá wọn rìn, a dé Ìṣùà, a dé Arigidi, a dé àwọn ibi tí a ti ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá kó tó lè ṣògbufọ̀ fún wa. Ibẹ̀ ni mo ti pa gègé pòròpórò tì. Wọ́n fún mi ní gègé onírin, pẹ́ńsùlù, àti aṣọ ìyàwòrán kan tó mọ́ gaara tí èèyàn lè fi da àwòrán kọ. Ṣéènì onírin ni a fi ń wọn ilẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí lórúkọ, wọ́n ń pè mí ní Ẹ-jẹ́-n-débẹ̀, nítorí n kì í fa ìlà kan láìjẹ́ pé mo fẹsẹ̀ mi dé ibi tí ìlà náà wà. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Bí oòrùn bá mú tán, tí gbogbo wọn ti jókòó sábẹ́ igi, èmi á máa gun àpáta lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà dé. Wọ́n ní iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn, ẹ̀rọ kì í parọ́. Mo bá ọkùnrin tó kọ́kọ́ gbé e wá sí Ìkàrẹ́ jáde lọ́jọ́ kan. Ó fẹ́ ya abà kan, ó ní kí wọ́n kó àpótí àti agbada tó wà níwájú rẹ̀ kúrò, kí ó lè mọ́ tónítóní. Mo rẹ́rìn-ín, inú mi kò sì dùn. Irinṣẹ́ yówù kí ẹ lò, ẹ̀yin lẹ máa pinnu ohun tí ẹ ó kó kúrò àti ohun tí ẹ ó fi kún un. Nígbà tí mo fi ọ́fíìsì sílẹ̀, mo kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà nílé ìwé títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Àwọn kan nínú àwọn bàbá yín wà nínú wọn. Ẹ bi wọ́n bí mo ṣe máa ń ya ìwé.

Ohun tí n kò ṣe ni mo fẹ́ sọ báyìí. N kò lọ bá Bàbá Sálíù. Mo jẹ́wọ́ fún Fadá, mo jẹ́wọ́ fún ajẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè wo ojú ọkùnrin tí mo jẹ iṣu rẹ̀. Bí mo bá ń lọ sí Ìkàrẹ́, mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn kí n má bàa kọjá níwájú oko rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé mo ti gbìyànjú, pé ó ti mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, pé kí ni ẹ̀bẹ̀ mi fẹ́ ṣe fún un nígbà tí n kò lè dá ilẹ̀ padà? Ọ̀nà jíjìn ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ pé ó kú.

Nígbà tí mo ń kọ ìwé yìí, mo dé ibi ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹn, ọwọ́ mi kọ̀. Ìwé náà wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, mo mú ọ̀pá mi, mo lọ sílé Àbíbátù. Òun náà ti di ìyá àgbà. Ó dá mi mọ̀, ó bu omi fún mi. Mo rò pé ó máa lé mi jáde. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Músá, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá mi lóhùn."

Ó ní bàbá wọn kò bínú sí mi rárá. Lẹ́yìn ẹjọ́ náà, á máa lọ dúró létí odò, á máa wo ilẹ̀. Á bi àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé ojú mi ló ṣì í? Ṣé ẹsẹ̀ àpáta ni pèrègún wà tẹ́lẹ̀?" Bàbá ní ọmọ áfáà kò ní parọ́, pé àwòrán náà dà bí oko òun gan-an, gbogbo ebè ló pé níbẹ̀, báwo ni pèrègún nìkan ṣe lè jẹ́ irọ́? Kò fi ààlà àwọn oko rẹ̀ yòókù han àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó ní òun kò gba ojú òun gbọ́ mọ́. Báyìí ló ṣe wà títí ó fi kú.

"Ẹ̀gbọ́n," Àbíbátù ní, "ṣé bàbá wa ṣì í ni?"

Mo ní, "Kò ṣì í. Kò ṣì í rárá, Àbíbátù. Etí odò ni. Èmi ni mo fi pèrègún sẹ́bàá àpáta, kí àwòrán mi lè dára."

Omijé ń dà lójú èmi, ojú tirẹ̀ gbẹ. Ó dìde, ó mú mi lọ́wọ́, ó mú mi gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí wọ́n sin bàbá wọn sí. Ó ní kí n sọ ọ́ fún wọn. Mo fi ọ̀pá mi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Àbíbátù mi orí.

"Ẹ sọ ọ́ sókè. Etí Bàbá ti di kí wọ́n tó lọ."

Mo gbé ohùn mi sókè, mo ní, "Bàbá Sálíù, etí odò ni ààlà yín. Ojú yín kò ṣì í. Èmi Músá ni mo parọ́." Àbíbátù ní kò tíì tó. Mo kígbe rẹ̀ léraléra títí ohùn mi fi há, tí àwọn ará ilé kejì fi jáde wá gbọ́ ohun tí mo ń sọ.